Bí Firmware Ṣe Ń Jíṣẹ́ fún Ètò Ìṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àtẹ coreboot àti Ohun Tó Jọ Ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì tó ń tan kọ̀ǹpútà àti ìgbà tí Linux tàbí Windows bá gba àkóso rẹ̀. Àsìkò náà kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í kà á sí. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kúkúrú yẹn ni ètò kékeré kan tí à ń pè ní firmware máa ń jí gbogbo ẹ̀rọ náà, tí yóò sì kọ ìròyìn ohun tó bá nílẹ̀ sílẹ̀ fún ètò ìṣiṣẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ibi tí a ń kọ ọ́ sí, bí ẹni tó ń bọ̀ ṣe ń rí i kà, àti ìdí tí mo fi gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí kóòdù ẹni tó kọ ọ́ wà ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Coreboot, firmware kan tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni àpẹẹrẹ tí màá fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ kò lè dá mọ̀. Nígbà tí kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ náà, bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan wà tó lè bi háádíwíà léèrè tààrà. Àwọn káàdì tó wà lórí PCI, ọ̀nà tí a fi ń so káàdì mọ́ bọ́ọ̀dù, irú bí káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti káàdì àwòrán, ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n àti nọ́ńbà irú ohun tí wọ́n jẹ́ nínú ara wọn. Kernel á máa bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á sì máa dáhùn. Àwọn ohun tí a ń kì bọ ihò USB náà ń dárúkọ ara wọn. Mẹ́mọ́rì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí RAM tó lè gba báìtì kan ṣoṣo dúró, firmware ní láti kọ́kọ́ ka ṣíìpù kékeré tó wà lára RAM náà, kí ó ṣírò bí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí, kí ó sì máa dán an wò títí tí yóò fi dúró déédéé. Lẹ́yìn èyí ni yóò pinnu àdírẹ́ẹ̀sì tí yóò fún un, tí yóò gé apá kan fún káàdì àwòrán, tí yóò sì gé apá mìíràn fún kóòdù tí pírósẹ́sọ̀ ń fi pamọ́ fún ètò ìṣiṣẹ́. Bí kernel bá ní òun yóò fi ìdánwò mọ ibi tí RAM wà, kí ó máa kọ nǹkan sí àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan kí ó sì máa kà á padà, ó lè lọ kọ ọ́ sórí ohun èlò tí kì í ṣe RAM rárá, kí ẹ̀rọ náà sì dákú lójú ẹsẹ̀.

Mẹ́mọ́rì nìkan kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so àwọn wáyà interrupt, èyí tí ohun èlò fi ń pe àfiyèsí pírósẹ́sọ̀, pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, wáyà tó ń sọ pé ẹnìkan ti pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí a ti lè máa ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ lórí wáyà serial: ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán bọ́ọ̀dù náà ni gbogbo èyí wà, kò sì sí ìbéèrè tí kernel lè bi ṣíìpù kankan tí yóò fi mọ̀ wọ́n. Firmware nìkan ló mọ̀ wọ́n, nítorí pé fún bọ́ọ̀dù kan pàtó ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ rán àrokò sí ará ọ̀nà jíjìn ní láti dá a lójú pé ẹni tí yóò gbà á mọ ìtumọ̀ ohun tí òun dì sínú rẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kí ó tó dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ firmware àti ètò ìṣiṣẹ́ rí, ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, ẹni tó rán iṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀ pátápátá kí ẹni tó gbà á tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u.

BIOS, firmware ti ayé IBM PC, èyí tó jáde ní ọdún 1981, kò kúrò nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń dúró ti ẹ̀rọ, tí ètò ìṣiṣẹ́ á sì máa pè é nígbàkúùgbà tó bá nílò nǹkan. Nígbà tó yá, bí kernel bá fẹ́ mọ bí RAM ṣe tó, yóò fi nọ́ńbà E820 sínú AX, ọ̀kan nínú register, àwọn àpò kékeré inú pírósẹ́sọ̀, yóò pe INT 15h, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń pe BIOS, BIOS á sì dárúkọ apá mẹ́mọ́rì kan fún un: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gùn tó, àti irú èyí tó jẹ́. Kernel á tún pè é fún apá kejì, á tún pè é fún ẹ̀kẹta, títí BIOS yóò fi sọ pé ó tán. Gbogbo ìpè yìí ní láti wáyé nígbà tí pírósẹ́sọ̀ ṣì wà ní ipò bíìtì 16, nítorí pé inú ipò àtijọ́ yẹn ni BIOS ń gbé. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wá tẹ̀lé ti IBM yẹn, ilé iṣẹ́ tó kọ BIOS náà nìkan ló ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó bá sọ ni kernel yóò gbà, bí ó jẹ́ òótọ́, bí kì í ṣe òótọ́.

Ní ọdún 1999, ní Los Alamos National Laboratory ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, Ron Minnich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní LinuxBIOS. Wọ́n ń so ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ kí gbogbo wọn lè jọ máa ṣe ìṣirò ńlá. Irú àwọn kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í ní ojú tí a ń wò, wọn kì í sì í ní kíìbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ BIOS tó wà nínú wọn jẹ́ èyí tí a kọ fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: bí nǹkan bá ṣe é, yóò dúró gbagidi, yóò ní kí ẹnìkan wá tẹ bọ́tìnnì. Èrò tí àwọn èèyàn Los Alamos gbé kalẹ̀ ni pé kí firmware ṣe ìwọ̀nba tí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a ṣe, pàápàá jù lọ kí ó jí RAM, kí ó sì gbé gbogbo ìyókù lé Linux lọ́wọ́, nítorí pé Linux mọ bí a ṣe ń darí àwọn ohun èlò ju BIOS lọ. Ní ọdún 2008 ni wọ́n yí orúkọ iṣẹ́ náà padà sí coreboot, torí pé Linux nìkan kọ́ ló lè gbé dìde mọ́.

Ìpinnu yẹn ló bí ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Bí firmware bá ti ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀ tó sì kúrò, tí kò sí INT 15h tí ẹnikẹ́ni lè pè, ibo ni ètò ìṣiṣẹ́ yóò ti gbọ́ ìròyìn mẹ́mọ́rì? Ìdáhùn wọn ni pé kí firmware kọ àtẹ kan sínú RAM kó tó lọ, kí àtẹ náà wà ní ibi tí a lè wá a kàn. Òun ni a ń pè ní àtẹ coreboot títí di òní.

Ìlànà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un ni pé ohun tí a kò bá lè mọ̀ láti ọ̀dọ̀ háádíwíà fúnra rẹ̀ ni kó gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí púpọ̀. Bí ohun kan náà bá wà ní ibi méjì, tí háádíwíà ń sọ tirẹ̀, tí àtẹ náà sì ń sọ tirẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn méjèèjì kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ìlànà kejì ni pé ohun tó wà nínú àtẹ náà kò gbọdọ̀ yí padà bí a bá gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú mẹ́mọ́rì. Ìlànà kẹta ni pé ìwọ̀n dátà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, yálà orí pírósẹ́sọ̀ bíìtì 32 ni a ti ń kà á tàbí orí ti bíìtì 64.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣí àtẹ náà. Lórí àwọn ẹ̀rọ x86, ìyẹn àwọn tó ń lo pírósẹ́sọ̀ irú ti Intel àti AMD, ẹni tó bá ń wá a yóò wo 4 KB àkọ́kọ́ nínú mẹ́mọ́rì, bí kò bá sì sí níbẹ̀, yóò lọ wo apá tó bẹ̀rẹ̀ láti àdírẹ́ẹ̀sì 0xF0000. Yóò máa fo báìtì 16 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò máa wá lẹ́tà mẹ́rin kan: LBIO. Ẹ ó rí i pé orúkọ àtijọ́ náà, LinuxBIOS, ṣì ń gbé inú lẹ́tà wọ̀nyí lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ iṣẹ́ náà lórúkọ tuntun. Bí wọ́n bá yí i padà, gbogbo ètò tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò sọnù. Orí àtẹ náà jẹ́ báìtì 24. Lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́rin yẹn ni ìwọ̀n orí náà, àròpọ̀ tí a fi ń yẹ orí náà wò, ìwọ̀n gbogbo àtẹ, àròpọ̀ tí a fi ń yẹ gbogbo àtẹ wò, àti iye àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí LBIO kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé báìtì mẹ́rin lè ṣèèṣì jọ bẹ́ẹ̀ níbi tí kò sí àtẹ kankan. Ó gbọ́dọ̀ ṣírò àròpọ̀ méjèèjì, kí wọ́n bára mu.

Lórí àwọn ẹ̀rọ òde òní, àtẹ tó wà nísàlẹ̀ mẹ́mọ́rì yẹn kì í sábà ní ju àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lọ, èyí tí nọ́ńbà àmì rẹ̀ jẹ́ 0x11. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí ń sọ kò ju pé àtẹ tòótọ́ kò sí níbí, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìyí. Yóò wá darí òǹkàwé lọ sí CBMEM, apá kan ní òkè mẹ́mọ́rì tí coreboot yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìwé tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ mẹ́mọ́rì há, ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ ló sì ń jà sí i.

Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì. Èkíní ni àmì tó ń sọ irú ohun tó jẹ́, èkejì ni ìwọ̀n gbogbo àkọsílẹ̀ náà ní báìtì. Nínú nọ́ńbà méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, ẹ jẹ́ kí n sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Òǹkàwé tó bá bá àmì tí kò mọ̀ pàdé kò ní láti bẹ̀rù, kò sì ní láti dá iṣẹ́ dúró: yóò wo ìwọ̀n rẹ̀, yóò fo báìtì tó tó bẹ́ẹ̀, yóò sì bọ́ sórí àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, ètò tí a kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì lè ka àtẹ tí firmware tuntun kọ lónìí, yóò mú èyí tó mọ̀, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Firmware tuntun náà lè fi ohun tuntun kún un láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ lè mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, ẹ gbé e yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí U-Boot ń ṣe lórí àwọn pírósẹ́sọ̀ PowerPC ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. U-Boot ni firmware tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. Wolfgang Denk ti orílẹ̀-èdè Jámánì ló dá a sílẹ̀, ọdún 2002 ni ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Lórí PowerPC, ó máa ń fún kernel ní ìròyìn nínú struct C kan, ìyẹn àkójọ dátà tó tò tẹ̀léra, tó ń jẹ́ bd_info. Struct yẹn kò ní àmì, kò sì ní ìwọ̀n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń yí padà ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ṣètò bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń ṣe àkójọ kóòdù náà. Bí U-Boot àti kernel kò bá ní ìtumọ̀ kan náà fún un, kernel á ka àdírẹ́ẹ̀sì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bí ẹni pé ìyára pírósẹ́sọ̀ ni. Kóòdù méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àmọ́ ṣíṣí tí kóòdù ṣí kò gba àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ ìdààmú yẹn, nítorí pé ọ̀nà ìjíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò dára. Mo fi èyí kún ọ̀rọ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń sọ pé kóòdù tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe.

Àkọsílẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú àtẹ coreboot ni ti mẹ́mọ́rì, àmì rẹ̀ sì ni 1. Lẹ́yìn àmì àti ìwọ̀n, ó jẹ́ àwọn apá tó tò tẹ̀léra, báìtì 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́jọ fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ fún bó ṣe gùn tó, mẹ́rin fún irú rẹ̀. Irú 1 ni RAM tí ètò ìṣiṣẹ́ lè lò bó ṣe wù ú. Irú 2 ni èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Irú 3 àti 4 jẹ́ ti ACPI, tí màá ṣàlàyé níwájú, irú 5 ni RAM tó ti bàjẹ́, irú 16 sì ni ibi tí àtẹ náà fúnra rẹ̀ wà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ báìtì mẹ́jọ wọ̀nyẹn gba àkíyèsí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò kọ nọ́ńbà bíìtì 64 náà lódindi. Ńṣe ni wọ́n gé e sí méjì, ìdajì ìsàlẹ̀ àti ìdajì òkè. Compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, bó bá jẹ́ ti bíìtì 32 lórí x86, kò ní ìṣòro láti fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó ṣeé pín sí mẹ́rin, àmọ́ ti bíìtì 64 á fẹ́ kí ó ṣeé pín sí mẹ́jọ, á sì rọra ti báìtì òfìfo mẹ́rin sí àárín. Bí wọn kò bá gé e, firmware bíìtì 32 á kọ nǹkan kan, kernel bíìtì 64 á sì ka nǹkan mìíràn, láìsí ẹni tó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn àkọsílẹ̀ yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀kan wà fún orúkọ bọ́ọ̀dù àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀kan wà fún ẹ̀dà coreboot tó wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀kan wà fún wáyà serial, ọ̀kan sì wà fún àdírẹ́ẹ̀sì àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Méjì nínú wọn, tí àmì wọn jẹ́ 0x16 àti 0x17, ń tọ́ka sí ibi tí coreboot kọ àkókò tó fi ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, àti ibi tó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ sí.

Bí a ti sọ̀rọ̀ dé ibí, ó yẹ kí ẹ bi mí pé ṣé Linux ń ka àtẹ yìí lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun ló ń kọ́kọ́ kà á. Coreboot kì í gbé Linux dìde tààrà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ó máa ń kọ́kọ́ gbé ètò mìíràn tí à ń pè ní payload dìde. Bí payload náà bá jẹ́ SeaBIOS, SeaBIOS á ka àkọsílẹ̀ mẹ́mọ́rì, á yí i padà sí E820, á sì wá máa dá INT 15h lóhùn gẹ́gẹ́ bí BIOS àtijọ́ ti ń ṣe, tó fi jẹ́ pé kernel kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé coreboot wà nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ edk2 ni, á yí i padà sí àtẹ mẹ́mọ́rì UEFI, ìlànà firmware tó rọ́pò BIOS àtijọ́. Lórí àwọn Chromebook, tí Google ti ń fi coreboot sí láti ọdún 2012, payload tirẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láti ọdún 2017 ni Linux ti ní driver, ìyẹn ètò kékeré inú kernel, tó ń ka àtẹ náà fúnra rẹ̀: ACPI á fi orúkọ BOOT0000 tọ́ka sí i, tàbí kí devicetree, tí màá ṣàlàyé níwájú, ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ coreboot, kernel á sì lè gbé ọ̀rọ̀ tí firmware sọ síta nínú fáìlì /sys/firmware/log. Ṣáájú ìgbà yẹn, ètò cbmem ló ń wọ inú /dev/mem lọ wá LBIO fúnra rẹ̀.

Mo ti dárúkọ ACPI, ìlànà tí firmware fi ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ fún ètò ìṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkàn mi ti gbóná jù. Intel, Microsoft àti Toshiba ló gbé e jáde ní ọdún 1996. Ó ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, RSD PTR, tó ń tọ́ka sí àtẹ kan, tí àtẹ yẹn sì ń tọ́ka sí àwọn àtẹ mìíràn: ọ̀kan fún iye pírósẹ́sọ̀ àti bí interrupt ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan fún aago, ọ̀kan fún àdírẹ́ẹ̀sì PCI. Dátà lásán ni àwọn wọ̀nyí. Àmọ́ èyí tí à ń pè ní DSDT yàtọ̀. Ètò ni DSDT, tí wọ́n kọ ní èdè kan tó ń jẹ́ ASL, tí wọ́n sì túmọ̀ sí AML, tí kernel fúnra rẹ̀ yóò máa ṣe ohun tó bá sọ. Bí bátìrì ṣe kù sí, bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ, bí a ṣe ń mú kí ó sùn: kóòdù tí firmware kọ ni kernel ń ṣe, pẹ̀lú gbogbo agbára tí kernel ní.

Kóòdù yẹn lè bi kernel léèrè irú ètò ìṣiṣẹ́ tó jẹ́. Iṣẹ́ tí a fi ń bi í ni à ń pè ní _OSI. Bí firmware bá béèrè bóyá Windows ni, Linux á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá béèrè bóyá Linux ni, Linux á ní rárá. Kì í ṣe ẹ̀tàn ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn tó ń tọ́jú Linux rí i pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí Windows dán firmware wọn wò, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n kọ fún ẹni tó bá ní òun kì í ṣe Windows kún fún àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Nítorí pé kóòdù náà wà nínú àpótí tí wọn kò lè ṣí, kò sí àtúnṣe tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí kernel jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Lọ́dọ̀ coreboot, fáìlì dsdt.asl ti bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wà nínú àkójọ kóòdù rẹ̀, èyí tó bá sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n rí lórí ẹ̀rọ mu ni kóòdù C máa ń kọ sínú àtẹ SSDT, ẹlẹgbẹ́ DSDT, nígbà tí ẹ̀rọ ń jí. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń fi nọ́ńbà tí kò tọ̀nà hàn lè ṣí i, kí ó rí ìlà tó fa ọ̀rọ̀ náà, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Lórí ARM àti RISC-V, àwọn irú pírósẹ́sọ̀ mìíràn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sábà ń gbà. Devicetree wá láti inú Open Firmware, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Sun, tí IEEE sì sọ di ìlànà ní ọdún 1994. Ó jẹ́ igi tó ní ẹ̀ka: ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ àti interrupt rẹ̀ wà lára ẹ̀ka náà. Kí ó tó wọ ARM, bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti fáìlì C tirẹ̀ nínú kernel, àwọn fáìlì náà sì pọ̀ débi pé ní ọdún 2011 Linus Torvalds fi ìbínú sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ARM pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àpèjúwe bọ́ọ̀dù kúrò nínú kóòdù C bọ́ sínú devicetree. Firmware á fi àdírẹ́ẹ̀sì igi náà sínú register r2 lórí ARM bíìtì 32, sínú x0 lórí ti bíìtì 64, sínú a1 lórí RISC-V, kernel á sì mọ̀ ọ́n nípa nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 0xd00dfeed. U-Boot kì í kàn gbé igi náà fún kernel bó ṣe bá a. Ó máa ń fi ìwọ̀n RAM tí òun fúnra rẹ̀ rí kún ẹ̀ka memory, á sì fi ọ̀rọ̀ àṣẹ tí kernel yóò tẹ̀lé sínú ẹ̀ka chosen.

Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ gbogbo èyí ni irú ìyà tí ìròyìn tí kò tọ̀nà máa ń fi jẹ ènìyàn. Bí firmware bá gbàgbé láti sọ pé apá kan nínú RAM jẹ́ ti káàdì àwòrán, kernel á gbà pé tòun ni. Kò ní lò ó lọ́jọ́ kìíní, ó lè má lò ó lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí RAM sì fẹ́ tán ni yóò fi fáìlì ẹnìkan síbẹ̀, káàdì àwòrán á sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé e lórí. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà á ní dísìkì ló bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe á ní RAM ni, wọn á pààrọ̀ méjèèjì, àìsàn náà á sì tún padà wá. Kò sí ohun kankan nínú kernel tó lè tọ́ka sí orísun irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ fún un ló tẹ̀ lé.

Mi ò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín nípa ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé dúró. Lórí ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ Intel tuntun, coreboot kì í jí RAM fúnra rẹ̀ mọ́. Intel fúnra rẹ̀ ló ń ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ FSP, tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀; FSP á jí RAM, á kọ ìròyìn sínú ohun tó ń jẹ́ HOB, coreboot á sì gba ohun tó wà nínú HOB gbọ́ bí kernel ṣe ń gba ohun tó wà nínú E820 gbọ́. Àtẹ tó jáde lẹ́yìn náà ṣeé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ti inú òkùnkùn wá. Ní ọdún 2023, AMD kéde openSIL, pẹ̀lú èrò pé kí irú iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà. Inú mi sì dùn sí i.

Àwọn láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, irú èyí tí a ń rí rà ní Computer Village ní Ìkejà, wá sàn ju àwọn tuntun lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. ThinkPad X230, tó jáde ní ọdún 2012, wà lára àwọn tí kóòdù tó ń jí RAM wọn nínú coreboot ṣí sílẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé gbogbo inú rẹ̀ ló mọ́lẹ̀: Management Engine ti Intel, ètò tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí, ṣì wà nínú ṣíìpù flash rẹ̀, ibi tí firmware ń gbé, firmware ṣíìpù tó ń darí kíìbọ́ọ̀dù àti bátìrì rẹ̀ kò sì ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ fi coreboot sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń ní láti tú u, kí ó sì fi irinṣẹ́ tó ń mú ṣíìpù flash kọ ọ́ láti ìta. Kí ó sì kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ pa mọ́ kí ó tó kọ tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìròyìn mẹ́mọ́rì ń gbà lórí ẹ̀rọ yẹn ṣeé tọ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹni tó bá ní Linux lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí, irú firmware yòówù kó ní. Ẹ pe dmesg, kí ẹ wá ìlà tó ní BIOS-e820. Ohun tí firmware sọ nípa RAM yín nìyẹn, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú rẹ̀. Ẹ wo inú /sys/firmware/acpi/tables, ẹ fi iasl, ètò tó ń tú AML padà sí ASL, tú DSDT tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ka ètò tí kernel yín ń ṣe láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ pe dmidecode, kí ẹ rí orúkọ tí firmware fún bọ́ọ̀dù yín. Bí ó bá jẹ́ ARM ni, ẹ wo /proc/device-tree. Bí ó bá jẹ́ coreboot ló wà lórí ẹ̀rọ náà, cbmem -c yóò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó ń jí, cbmem -t yóò sì sọ àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà á.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá ní X230 tó ń lo coreboot àti SeaBIOS mú ìlà kan ṣoṣo nínú BIOS-e820, kí ó sì máa tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn. Yóò kọ́kọ́ dé arch/x86/kernel/e820.c nínú Linux, níbi tí ìlà náà ti ń jáde. Láti ibẹ̀ yóò lọ sí src/fw/coreboot.c nínú SeaBIOS, níbi tí wọ́n ti ń ka àkọsílẹ̀ tí àmì rẹ̀ jẹ́ 1, àti sí src/lib/bootmem.c nínú coreboot, níbi tí wọ́n ti kọ àkọsílẹ̀ náà. Yóò wá parí rẹ̀ nínú src/northbridge/intel/sandybridge: nínú northbridge.c ni wọ́n ti yọ apá tó jẹ́ ti káàdì àwòrán sọ́tọ̀, nínú àwọn fáìlì raminit sì ni a ti ka ṣíìpù kékeré tó wà lára RAM náà.